Ìtàn yín ni wọ́n fi ń ṣe fíìmù, ìwé àdéhùn dà?

Nínú fíìmù Yorùbá mẹ́wàá tí ẹ wò lórí YouTube láàárín oṣù méjì sí àsìkò yìí, mélòó ni ẹ lè jókòó sọ ìtàn rẹ̀ fún ẹlòmíì láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin? Mi ò bèèrè orúkọ òṣèré o. Mi ò bèèrè irú mọ́tò tí wọ́n gbé wọlé tàbí irú gèlè tí ìyá ọkọ wé. Ìtàn gan-an ni mò ń bèèrè. Tí ẹ bá rí méjì sọ nínú mẹ́wàá, ẹ gbìyànjú.

Ẹ wá wo fíìmù kan tí wọ́n ṣe ní 1954, nígbà tó ṣì ku ọdún mẹ́fà kí Nàìjíríà gba òmìnira. Rear Window lorúkọ ẹ̀, Alfred Hitchcock ló darí ẹ̀. Ẹsẹ̀ ayàwòrán kan kán, wọ́n fi POP dì í. Kò lè jáde, ojú fèrèsé ló ń jókòó sí láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ó ń wo àwọn aládùúgbò tó wà ní òdìkejì àgbàlá. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fura pé ọkùnrin tó ń gbé lọ́ọ̀ọ́kán ti pa ìyàwó ẹ̀. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá sì wò ó lẹ́ẹ̀kan kò ní gbàgbé ẹ̀, bẹ́ẹ̀ kámẹ́rà ò fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò nínú yàrá kan ṣoṣo.

Hitchcock kọ́ ló ro ìtàn yìí. Ìtàn kúkúrú ni, Cornell Woolrich ló kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn olówó pọ́ọ́kú kan tí wọ́n ń pè ní Dime Detective, ní 1942. Irú ìwé tí èèyàn máa ń kà nínú ọkọ̀, tí wọn á sì fi pọ́n ẹ̀pà lọ́jọ́ kejì. Nínú ìtàn Woolrich, kò sí obìnrin arẹwà tí Grace Kelly ṣe nínú fíìmù. Kò sí nọ́ọ̀sì ẹlẹ́nu mímú yẹn náà. John Michael Hayes, ẹni tó sọ ìtàn náà di fíìmù, ló fi wọ́n kún un. Kódà, Woolrich fi ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ tó kán pa mọ́ di ìparí pátápátá. Òǹkàwé á kàn máa ṣe kàyéfì pé kí ló dé tí ọkùnrin yìí ò dìde lọ wo nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ fúnra ẹ̀. Fíìmù ní tiẹ̀ gbé ẹsẹ̀ náà síta látìbẹ̀rẹ̀, kó lè jẹ́ pé àwa tí à ń wò ó la ó máa bẹ̀rù pé ẹni tí kò lè sá ni apànìyàn fẹ́ wá bá.

Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbé ilé face-me-I-face-you rí, bóyá ní Ajílósùn tàbí lẹ́yìn Ọjà Ọba níbí, mọ ìtàn yìí ju Hitchcock lọ. A mọ ẹni tó ń bá ìyàwó ẹ̀ jà, a mọ ẹni tí kò tíì san owó iná, a mọ ẹni tí àlejò ẹ̀ kì í dé àfi lẹ́yìn aago mọ́kànlá alẹ́. Ẹ fi ọlọ́kadà kan tí ẹsẹ̀ ẹ̀ kán sójú fèrèsé níbẹ̀, ẹ mú iná lọ, kí ìyàwó kan tó máa ń pọn omi láràárọ̀ má jáde mọ́. Ṣé ó di dandan kéèyàn lọ háyà ilé ní Lẹ́kí fún ìyẹn?

Èmi gbà pé ìtàn kúkúrú tó ń jáni láyà ni oúnjẹ tó dára jù fún fíìmù, àti pé àwọn tó ń kọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ pọ̀ láàárín wa báyìí. Ṣùgbọ́n jíjí là ń jí ìtàn wọn, a kì í rà á.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ìtàn kúkúrú yìí ṣe rí. Ìwé ńlá, gígé ni wọ́n máa ń gé e kó tó lè wọ inú wákàtí méjì, ẹni tó ti kà á á sì máa bínú pé wọ́n ti yọ ibi tó dùn jù kúrò. Ìtàn kúkúrú kò nílò gígé. Ìbẹ̀rù kan ṣoṣo ló gbé wá, ó sì fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ fi kún un. Daphne du Maurier kọ ìtàn àwọn ẹyẹ tó dìde sí ọmọ aráyé ní 1952, etíkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló fi í sí. Hitchcock gbé e lọ sí California ní 1963, ó pààrọ̀ gbogbo èèyàn inú ẹ̀, àwọn ẹyẹ àti ìbẹ̀rù nìkan ló mú. The Birds nìyẹn. Ní Japan, Akutagawa kọ ìtàn ọkùnrin kan tó kú sínú igbó ní 1922. Kò ju ẹjọ́ tí àwọn ẹlẹ́rìí ń rò lọ́kọ̀ọ̀kan lọ, títí kan òkú náà fúnra ẹ̀ tó gba ẹnu abókùúsọ̀rọ̀ sọ tiẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn ò bára mu. Kurosawa fi í ṣe Rashomon ní 1950, fíìmù náà sì gba ẹ̀bùn tó ga jù ní Venice lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Mo kàwé òfin, mo jókòó gbọ́ ẹ̀kọ́ lórí ẹ̀rí àti ẹlẹ́rìí fún odidi ọdún kan, ṣùgbọ́n fíìmù yẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ẹlẹ́rìí lè máa parọ́ láìmọ̀ pé irọ́ lòun ń pa.

Ti Agatha Christie ló tún wá pa mí lẹ́rìn-ín. Ó kọ Witness for the Prosecution gẹ́gẹ́ bí ìtàn kúkúrú ní 1925, ẹni tó jẹ̀bi kò sì jìyà kankan nínú ẹ̀. Ó ṣe, ọkàn ẹ̀ kò balẹ̀ sí i. Nígbà tó sọ ọ́ di eré orí ìtàgé ní 1953, ó fi ìyà kan sí ìparí ẹ̀, ìparí yẹn náà ni Billy Wilder lò nínú fíìmù 1957. Mi ò ní sọ irú ìyà wo. Ẹ fi dátà yín wò ó.

Àwọn kan á ní ti òyìnbó nìyẹn. Ó dáa. Ní 2001, Túndé Kèlání ṣe Thunderbolt: Mágùn. Adébáyọ̀ Fálétí ló ni ìtàn náà, Femi Kayode ló sọ ọ́ di fíìmù. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọdé nígbà náà, Fálétí yìí ni ẹ mọ̀ sí Baba Ọ̀pálábá nínú Ṣaworoidẹ. Ọkọ kan tó jẹ́ Yorùbá ń fura sí ìyàwó ẹ̀ tó jẹ́ Ígbò. Wọ́n fi mágùn sí i lára láìjẹ́ pé ó mọ̀. Ọkùnrin tó bá bá a sùn á kú. Bí ẹnikẹ́ni ò bá sì bá a sùn, àkókò tirẹ̀ náà ń lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà. Nǹkan tí Hollywood fi ń wá bọ́ǹbù tó ní aago lára, Baba Fálétí fi ọ̀rọ̀ ilé ọkọ ṣe é. Ohun tó ń jáni láyà níbẹ̀ kì í ṣe oògùn o, ìfura ni. Ọkọ tó ń rẹ́rìn-ín sí ẹ nígbà tẹ́ ẹ jọ ń jẹun, o ò mọ nǹkan tó ti fi sí ẹ lára. Ìyàwó náà ò sì kọ́kọ́ gbà pé ohun tó ń jẹ́ mágùn wà, bí ọ̀pọ̀ nínú yín tó ń ka èyí ò ṣe gbà. Ibẹ̀ gan-an ni ìtàn náà ti mú wa.

Kì í ṣe òun nìkan. Láti inú ìwé Fálétí míì, Ọmọ Olókùn Ẹṣin tó jáde ní 1969, ni Ọlá Balógun àti Adé Love ti rí Ìjà Òmìnira ṣe ní ìparí àwọn ọdún 1970. Kòṣeégbé tí Kèlání ṣe ní 1995, eré tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ lórí òṣìṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù kan tó kọ̀ láti gba rìbá ni. Àwa ará Èkìtì pàápàá, ọmọ wa Kọ́lá Ògúnmọ́lá láti Òkèmẹ̀sí ló mú ìwé Amos Tutuola gorí ìtàgé ní 1963, tó sọ ọ́ di Ọ̀mùtí. Ọjọ́ ti pẹ́ tí Yorùbá ti mọ̀ pé inú ìwé ni eré tó dára ti ń wá.

Ẹ wá sọ fún mi, ta ló ti rí Lápàdé nínú fíìmù nínú ẹ̀yin tó ń ka èyí? Lápàdé, tó ti jẹ́ ọlọ́pàá rí, tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ nípa ẹ̀ nínú Àjà Ló Lẹrù ní 1969 àti Àgbàlagbà Akàn ní 1971. Ó ń lépa ọ̀daràn kiri, ó gbọ́n, ó lẹ́nu, kò sì mọ́ tónítóní jù fúnra ẹ̀. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Akin Olúṣínà tí Kọ́lá Akínlàdé dá sílẹ̀ ńkọ́? Ta Ló Pa Ọmọ Ọba? tiẹ̀ ti jẹ́ orúkọ fíìmù tán kí wọ́n tó tan kámẹ́rà. Àwọn ìwé yìí kò gùn, èèyàn lè kà wọ́n tán láàárín ọjọ́ méjì. Mo mọ àwọn tó kà wọ́n níléèwé girama, tí wọ́n ṣì ń rántí ẹni tó pa ẹni tó kú títí dòní. Àwa wá ń ṣe fíìmù ọba àti ogun lọ́dọọdún bí ẹni pé ìyẹn nìkan ni Yorùbá mọ̀ ọ́n ṣe. Mi ò kórìíra ọba àti ogun o. Mo wo Jagun Jagun lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n owó tí wọ́n fi ń rán aṣọ ọmọ ogun ọgọ́rùn-ún á gbé Lápàdé láti Ìbàdàn dé Kútọnu, á sì gbé e padà.

Ẹnì kan á ní October 1 ńkọ́? Ìbéèrè gidi nìyẹn. Kunle Afolayan ṣe é ní 2014, ara ibi tí wọ́n ti yà á ni Ìlárá-Mọ̀kín, lẹ́bàá Àkúrẹ́, itòsí wa níbí. Ọlọ́pàá kan wá wádìí ẹni tó ń pa àwọn ọmọbìnrin, òmìnira ku díẹ̀. Tunde Babalola ló kọ ọ́, kò gbé e láti inú ìtàn ẹnikẹ́ni. Mo gbà. Ẹni tó bá ní Tunde Babalola lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ lè má nílò ìtàn ẹlòmíì. Ṣùgbọ́n báwo ni irú àwọn bẹ́ẹ̀ ṣe pọ̀ tó? Púpọ̀ nínú fíìmù tí a ń rí lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, orí lokéṣàn ni wọ́n ti ń ro ìparí ẹ̀, ó sì ń hàn.

Àwọn tó ń kọ ìtàn wà, ẹ̀yin tó wà ní Ìwòròkó, ní Basiri, ní ẹ̀yìn Pólì. Ẹ wọ Facebook lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ẹ ó rí apá kìíní, apá kejì, apá kẹta. Àwọn kan ń fi èdè Yorùbá gbogboogbò kọ ọ́, àwọn kan ń fi ti Èkìtì gangan sí i, ibi tí ilé ti ń jẹ́ ulé. Ohun tí wọ́n ń kọ kì í sì í ṣe eré. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, wọ́n pa ọba méjì lójú ọ̀nà ní ìpínlẹ̀ yìí, lọ́jọ́ kan náà ni wọ́n jí àwọn ọmọ iléèwé gbé pẹ̀lú bọ́ọ̀sì wọn ní Èmùré. Ọmọ tó bá dàgbà láàárín irú ìròyìn bẹ́ẹ̀, tó ń wọkọ̀ láti Adó lọ sí Ìkọ̀lé nírọ̀lẹ́, kò nílò ẹni tó máa kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kọ ìtàn ìbẹ̀rù.

Ọ̀kan nínú wọn wá bá mi ní nǹkan bí oṣù mẹ́rin sẹ́yìn. Ó kọ ìtàn kan ní apá méje: bọ́ọ̀sì kan ń lọ lálẹ́, fóònù kan ń dún lábẹ́ ìjókòó, kò sí ẹni tó ni ín nínú ọkọ̀. Ìtàn náà dára débi pé mo ń wo abẹ́ ìjókòó fún ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí mo kà á. Kò pẹ́, fíìmù kan jáde lórí YouTube. Bọ́ọ̀sì náà wà níbẹ̀. Fóònù náà wà níbẹ̀. Ìyá ẹlẹ́wà tó jókòó sẹ́yìn dírẹ́bà wà níbẹ̀, orúkọ kan náà ló sì ń jẹ́. Nígbà tí ọmọ náà kọ̀wé sí pròdúsà, èsì tó gbà nìyí: “Àbúrò, ìtàn orí Facebook kò lólóhun. Ìwọ nìkan kọ́ lo wọ bọ́ọ̀sì lálẹ́ rí.”

Ní ti òfin, ọ̀gá náà gba ìdajì, ìdajì yẹn ló sì fi ń tan àwọn ọmọ jẹ. Lóòótọ́ ni pé òfin kì í dáàbò bo èrò lásán. Fóònù tó ń dún nínú ọkọ̀, kò sí ẹni tó ni ín. Ẹ̀yin náà lè lọ kọ tiyín lálẹ́ òní. Àmọ́ bí ìtàn náà ṣe tò tẹ̀ lé ara wọn, àwọn èèyàn inú ẹ̀, ohun tí wọ́n sọ, ìgbà tí wọ́n sọ ọ́, ìyẹn kì í ṣe èrò mọ́. Iṣẹ́ nìyẹn. Òfin kọ́píráìtì ti ọdún 2022, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní oṣù Kẹta ọdún 2023, sọ pé ẹni tó kọ ọ́ nìkan ló ní ẹ̀tọ́ láti tẹ̀ ẹ́, láti túmọ̀ ẹ̀, tàbí láti fi ṣe fíìmù. Kò dìgbà tẹ́ ẹ bá fi orúkọ sílẹ̀ níbì kankan. Ní kété tẹ́ ẹ bá ti kọ ọ́ sílẹ̀, ì báà jẹ́ sínú fóònù, ó ti di tiyín, títí di àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ọdún tẹ́ ẹ bá kú. Baba Fálétí kú ní 2017, nítorí náà ìtàn ẹ̀ ṣì jẹ́ ti àwọn ẹbí ẹ̀ títí 2087 á fi parí. Òkédìjí kú ní 2019. Ẹni tó bá fẹ́ Lápàdé lọ́fẹ̀ẹ́, kó dúró di 2090.

Ibì kan wà nínú òfin yìí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ kà, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ yín ti ń já sí kòtò. Tí ẹ bá fẹ́ gbé ẹ̀tọ́ yín fún ẹlòmíì pátápátá, tàbí kẹ́ ẹ fún un ní àṣẹ tí ẹlòmíì ò ní ní, àfi kó wà lákọsílẹ̀. Bí kò bá sí ní ìwé, kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyọ̀ǹda kékeré, irú èyí tí kò dí ẹlòmíì lọ́wọ́, lè jẹ́ ti ẹnu. Ó tún lè jẹ́ ti ìwà. Ẹni tó bá kọ̀wé sí yín lórí WhatsApp pé ìtàn yín dùn, òun á fẹ́ fi ṣe nǹkan, tí ẹ wá fi àtẹ́wọ́ mẹ́ta àti “kò burú, ẹ̀gbọ́n, ẹ máa ṣe é lọ” dá a lóhùn, ẹ ti fún un níwèé ẹ̀rí tó máa gbé dé kóòtù. Ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ló ń gbọ́ irú ẹjọ́ yìí, ọ̀kan sì wà ní Adó níbí. Ẹ ò ní láti lọ sí Èkó.

Ṣé ẹ rántí Woolrich tó kọ ìtàn ojú fèrèsé? Ní 1945, ó ta ẹ̀tọ́ fíìmù lórí ìtàn mẹ́fà lápapọ̀, òun náà wà nínú ẹ̀, ní $9,250. Ẹ pín in sí mẹ́fà, kò tó $1,600 lórí ọ̀kan. Nígbà náà, lẹ́yìn ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, ẹni tó kọ̀wé ní Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ tún ẹ̀tọ́ ẹ̀ ṣe. Woolrich ti ṣèlérí pé nígbà tó bá yá, òun á tún un ṣe, òun á sì gbé e fún àwọn onífíìmù. Ó kú ní 1968, kí ọjọ́ náà tó pé. Kò ní ìyàwó, kò ní ọmọ. Báńkì tó ń bójú tó ogún ẹ̀ ló wá tún ẹ̀tọ́ náà ṣe, ó sì tà á fún ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Sheldon Abend ní $650, pẹ̀lú ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó bá ti ibẹ̀ wá. Nígbà tí wọ́n tún gbé Rear Window jáde sí sinimá ní 1983, Abend gbé wọn lọ sí kóòtù. Ẹjọ́ náà dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà. Ní 1990, wọ́n dá a láre: ẹni tó kọ̀wé ti kú kí ìlérí ẹ̀ tó ṣẹ, torí náà àwọn onífíìmù kò lè máa ná fíìmù náà lọ láìbá ẹni tó ni ìtàn sọ̀rọ̀. Ìtàn kúkúrú kan, inú ìwé ìròyìn tí wọ́n fi ń pọ́n ẹ̀pà, ló dá fíìmù Hitchcock dúró tó sì ní kó sanwó. Òfin tiwa kò ní kéèyàn tún ẹ̀tọ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé tí Woolrich fọwọ́ sí ní 1945 ni gbogbo wọn ń tẹjú mọ́ ní 1990. Bí kò bá sí ìwé, ariwo lásán ni wọn ì bá máa pa.

Ẹ̀yin pròdúsà, ẹ̀yin náà ń kà á, mo mọ̀. Mo lè fẹ́rẹ̀ẹ́ búra pé owó tẹ́ ẹ máa fi ra ìtàn kúkúrú kan lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan kò tó èyí tẹ́ ẹ fi ń bọ́ òṣèré lórí lokéṣàn fún ọjọ́ méjì. Ẹ kọ ọ́ sójú ewé kan: orúkọ ìtàn, iye owó, ọdún mélòó tẹ́ ẹ máa fi lò ó, bóyá apá kejì wà nínú ẹ̀ tàbí kò sí, ibi tí orúkọ ẹni tó kọ ọ́ máa wà nínú fíìmù. Kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i. Kò ju ìyẹn lọ. Ilé iṣẹ́ tó bá fẹ́ ra fíìmù yín lọ́la á bèèrè ìwé yẹn kó tó mú owó jáde, ẹ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní ti ọmọ tó kọ ìtàn bọ́ọ̀sì, ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ lọ́yà bá a kọ lẹ́tà láìgba kọ́bọ̀. Èsì ti dé. Wọ́n ní àwọn á fi orúkọ ẹ̀ sí ìparí fíìmù pẹ̀lú “a dúpẹ́ lọ́wọ́”. Wọn ò mẹ́nu ba owó. Ó pè mí, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n gbà á?” Mo ní kó má gbà á. Lẹ́tà kejì ti lọ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, iye owó wà nínú ẹ̀ báyìí, ọjọ́ mẹ́rìnlá la sì fún wọn. Òun ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn míì ní tiẹ̀. Apá kẹta jáde lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, ó kọ orúkọ ẹ̀ àti déètì sí ìsàlẹ̀ ẹ̀.